Kamẹrúùnù Tó Wà ní Ìsọlọ̀

Kò sí àkókò tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń mọ òfin àgbáyé tó oṣù kẹsàn-án ọdún, nígbà tí ìròyìn máa ń tàn kálẹ̀ pé Kamẹrúùnù fẹ́ tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Lagdo, èyí tí wọ́n kọ́ sórí odò Bẹ́núé láàrin 1977 sí 1982. Lásìkò bẹ́ẹ̀, awakọ̀ dánfó tí omi òjò bá dá dúró ní Òṣòdì á di amòfin lójijì, á sì gbé Kamẹrúùnù ṣépè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé odò Bẹ́núé, tó ń lọ pàdé Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja kí wọ́n tó jọ wọ òkun, kò fi ẹsẹ̀ kan Èkó rí.

Òfin náà kò le púpọ̀. Ìwé àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 1997, tí Nàìjíríà darapọ̀ mọ́ ní 2010, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè tó jọ ní odò máa lò ó ní ìlò tó bá ẹ̀tọ́ mu, ìyẹn ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bí ẹni pé òun nìkan ni Ọlọ́run dá omi fún, kí ẹni tó wà lókè odò sì sa gbogbo ipá rẹ̀ kó má baà ṣe ẹni tó wà nísàlẹ̀ ní jàǹbá tó lágbára. Ó tún pàṣẹ ìfitónilétí: ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ohun tó lè pa aládùúgbò lára gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún un, kó kó ìṣirò iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́, kó sì fún un ní oṣù mẹ́fà láti fèsì. Ẹsẹ̀ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, tí kì í wọ inú ẹ̀hónú, ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, yálà òun nìkan tàbí òun àti àwọn yòókù, wá nǹkan ṣe sí omíyalé.

Nàìjíríà ní ohun tó yẹ kó ṣe. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Lagdo, ohun tí wọ́n jọ sọ ni pé Nàìjíríà yóò kọ́ ìdídò tirẹ̀ sí Dasin Hausa ní Adamáwá, kó máa gba omi tí Lagdo bá tú. Dasin Hausa ṣì wà lórí pépà, níbi tí omi kò ti lè rí i wó. Omíyalé pa èèyàn 363 ní 2012, ó sì pa èèyàn tó ju 600 lọ ní 2022, ọdún tí Suleiman Adamu, mínísítà ọ̀rọ̀ omi, sọ fúnra rẹ̀ pé ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún omi náà ló jẹ́ òjò tó rọ̀ sórí Nàìjíríà. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò gbà fún un. Onílé tó wà ní Àbújá gbà fún un. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, àwọn alábòójútó Lagdo tiẹ̀ fi tó Nàìjíríà létí pé àwọn yóò tú omi díẹ̀díẹ̀, láti 100 kúbíìkì mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan títí dé 1,000, láàrin ọjọ́ méje.

Irú ìfitónilétí bẹ́ẹ̀ kò tíì dé Ìsọlọ̀ ní Èkó rí. Lánlọ́ọ̀dù tó wà lókè àdúgbò, tó da yẹ̀pẹ̀ kún ọgbà rẹ̀ títí tó fi ga ju ti ará ilé kejì lọ, tó sì mọ fẹ́ǹsì gba orí gọ́tà, ti kọ́ ìdídò láìjẹ́ pé ó fún ẹnikẹ́ni ní oṣù mẹ́fà, tàbí wákàtí mẹ́fà pàápàá. Ìfitónilétí tí ará ìsàlẹ̀ ń gbà ni ìgbà tí bàtà rẹ̀ bá ń léfòó nínú yàrá. Bí wọ́n bá bá lánlọ́ọ̀dù náà wí, èsì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Judson Harmon, olórí agbẹjọ́rò ìjọba Amẹ́ríkà, tó kọ ọ́ ní 1895, nígbà tí Mexico ń ráhùn nípa omi odò Rio Grande, pé orílẹ̀-èdè lè ṣe ohun tó bá wù ú lórí ilẹ̀ rẹ̀. Òfin àgbáyé ti kọ ẹ̀kọ́ yẹn sílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ní Ìsọlọ̀, ó ṣì ń jẹ́ “Ṣé orí ilẹ̀ bàbá yín ni mo kọ́ ọ sí ni?” Ará ìsàlẹ̀ tó gbọ́ èsì yìí á gba ilé lọ, á ra yẹ̀pẹ̀ ọkọ̀ méjì, á sì ti omi náà sí ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé kánààlì Òkè-Àfà.

Lánlọ́ọ̀dù kan náà ni yóò kọ́kọ́ dìde nípàdé ẹgbẹ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù láti béèrè pé kí ìjọba àpapọ̀ pe Kamẹrúùnù lẹ́jọ́ ní Hague, níbi tí Kamẹrúùnù ti jàre Nàìjíríà lórí ilẹ̀ Bakassi ní 2002, lẹ́yìn tí akọ̀wé bá ti ka ẹ̀sùn tí ará ìsàlẹ̀ fi kàn án tán, tí wọ́n sì ti sún un sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.