Ìwádìí Ṣókí Lórí Tọkọtaya Tí Ilé Wọn Jẹ́ Méjì

Ohun mẹ́rin ló ń so ọkọ àti aya pọ̀: oúnjẹ, oorun, owó àti ọmọ. Òrùlé kò sí nínú wọn. Èyí ni mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, àwọn Àṣáńtì ilẹ̀ Gánà ni mo sì gbójú lé jù fún ẹ̀rí, nítorí ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí àwa ń jiyàn lé lórí báyìí, ìgbé ayé ojoojúmọ́ ni láti ìgbà pípẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn.

Ó yẹ kí n pààlà ọ̀rọ̀ mi ná. N kò sọ ti ọkọ tí ìjọba gbé lọ sí Àbújá nígbà tí ìyàwó ń ṣe tíṣà n'Íbàdàn, n kò sì sọ ti nọ́ọ̀sì tó ti wọ Lọ́ńdọ̀nù tí ọkọ rẹ̀ ṣì ń retí físà. Iṣẹ́ ló ya ìwọ̀nyẹn. Bí wọ́n bá rí ọ̀nà, wọn ì bá kó pọ̀ lọ́la. Ti dálémoṣú pàápàá kọ́, nítorí ìjà ló lé e. Àwọn tí mo ń wí ni tọkọtaya tí àárín wọn gún, tí wọ́n ń gbé ìlú kan náà, tí kò sì sí lọ́kàn wọn pé àwọn yóò kó pọ̀.

Ìyá ni ọmọ Àṣáńtì fi ń mọ ẹbí rẹ̀. Abusua ni wọ́n ń pe ẹbí náà. Bí ọkùnrin bá kú, ọmọ ìyá rẹ̀ tàbí ọmọ arábìnrin rẹ̀ ló ń jogún rẹ̀ lábẹ́ àṣà, kì í ṣe ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí. Ilé abusua ni kò sí ẹni tó lè lé èèyàn kúrò níbẹ̀. Ọkùnrin tó bá fẹ́ gbéyàwó yóò gbé ọtí tí wọ́n ń pè ní tiri nsa lọ fún ẹbí obìnrin. Bí wọ́n bá ti gbà á, wọ́n ti di tọkọtaya nìyẹn. Aya ní ẹ̀tọ́ sí owó oúnjẹ, aṣọ àti ìtọ́jú bí ara rẹ̀ kò bá yá. Ọkùnrin mìíràn tó bá sì fọwọ́ kàn án yóò san ìtanràn fún ọkọ. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí aya di ẹrù rẹ̀ kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ ọkọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìgbéyàwó náà ń hàn sójú táyé. Meyer Fortes, onímọ̀ tó ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1945, ṣàkíyèsí pé ní ìlú Agogo, àwọn ìyàwó tó ń bá ọkọ wọn gbé kò tó ìdajì. Nígbà náà, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọn á dá odó dúró, ojú ọ̀nà á sì kún fún àwọn ọmọdé tó ru abọ́ fùfú àti ọbẹ̀: ti ilé yìí ń lọ sí ọ̀hún, ti ọ̀hún ń bọ̀ níhìn-ín, kálukú ń gbé oúnjẹ bàbá rẹ̀ lọ fún un nílé ìyá bàbá. Gbogbo àdúgbò ló mọ ibi tí abọ́ kọ̀ọ̀kan ń lọ. Bí kò bá dé, ará ilé ọkọ ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Bí ọkọ bá dá a padà láìfọwọ́ kàn án, ó ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa, ìyàwó fúnra rẹ̀ á lọ sùn lọ́dọ̀ ọkọ, kí ilẹ̀ tó mọ́ á ti padà sílé ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin tí òbí yín ná ọjà Kùmásì kí òfin tí ìjọba Gánà fi lé àwọn àjèjì lọ́dún 1969 tó dá wọn padà wálé, ẹ bi wọ́n.

Àwọn Ga ìlú Accra mú tiwọn jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àwọn àdúgbò àtijọ́ ibẹ̀, agbo ilé ọkùnrin wà lọ́tọ̀, ti obìnrin wà lọ́tọ̀. Ìyá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ lóbìnrin jọ ń yan ẹja, wọ́n jọ ń se kẹ́ńkẹ́, wọ́n jọ ń tọ́mọ. Ọmọkùnrin tó bá ti dàgbà á kó lọ bá bàbá rẹ̀. Ta ni yóò fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ dá jókòó sí ìyẹ̀wù ọkọ?

Àwọn míṣọ́nnárì Basel kò fara mọ́ ọn. Lójú wọn, Kristẹni ní láti bá ìyàwó rẹ̀ gbé abẹ́ òrùlé kan, wọ́n sì kọ́ àdúgbò ọ̀tọ̀ tí wọ́n pè ní Salem, ní Akropong àti ní àwọn ìlú mìíràn. N kò ṣiyèméjì pé ire ni wọ́n rò. Ṣùgbọ́n nígbà náà, obìnrin Àṣáńtì tó bá tẹ̀ lé ọkọ lọ sí ilé tí ọkọ kọ́ ń wọ inú ewu tí kò sí nílé ìyá rẹ̀: bí ọkùnrin náà bá kú láìṣe ìwé ìhágún, abusua rẹ̀ ló ni ilé. Opó tó ti gbé ibẹ̀ láti ìgbà èwe lè bá ara rẹ̀ lójúde pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ìkà gbáà ni, mi ò ní fi àṣà bò ó mọ́lẹ̀. Ọdún 1985 ni ìjọba Gánà tó ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní PNDC Law 111, tó fún opó àti ọmọ ní ilé àti ohun èlò inú rẹ̀.

Ilé tí ẹnikẹ́ni kò lè lé èèyàn kúrò níbẹ̀ ló gbé ilé méjì ró, ojú yẹn ni mo sì fi ń wo ti àwọn ẹlòmíràn. Ní Mẹ́síkò, Juan O'Gorman, ayàwòrán ilé, kọ́ ilé méjì fún tọkọtaya ayàwòrán, Diego Rivera àti Frida Kahlo, ní San Ángel, ó ta afárá láti òrùlé kan sí èkejì. Àwọn èèyàn ṣì ń yin afárá náà. Èmi ń wo ibi tí Frida gbà lọ nígbà tí ìgbéyàwó wọn tú ní 1939: ilé tó dàgbà sí ní Coyoacán ló padà sí. Ní 1940 wọ́n tún fẹ́ra, síbẹ̀ kò fi ilé náà sílẹ̀.

Ètò yìí ní ìnira tirẹ̀. Bí bàbá bá dákú lóru, ìyàwó lè má sí nítòsí. Obìnrin tó ta ọjà látàárọ̀ ní Kùmásì ṣì gbọ́dọ̀ rí i pé oúnjẹ alẹ́ délé ọkọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló sábà máa ń sè é, nígbà tó yẹ kó máa kàwé. Mo ka èyí sí gbèsè tí ọmọ ń san fún ìrọ̀rùn àwọn àgbà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wò ó.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ìyá ọlọ́jà Kùmásì ń fi èrè rẹ̀ lé bí ọjà bá gbè é. Ilé ni. Á ra ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, á mọ ọ́n ní yàrá kọ̀ọ̀kan bí owó bá ṣe ń wọlé, á fún ìyá àti àwọn àbúrò rẹ̀ ní yàrá, ì báà jẹ́ pé ilé ọkọ lòun fúnra rẹ̀ ṣì ń sùn.