Iyán Tutù Kí Wọ́n Tó Pe Orúkọ Ọmọ

Ní Ìtapàjí, ní Èkìtì, tí mo dàgbà sí, ẹni tó ni bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ ń mú ènìyàn. Ì báà ṣe pé kò mọ̀ ju kó gbá a sínú igbó lọ, òun ni ọ̀gá. Á mú ẹni tó wù ú, ẹnìkejì á mú tirẹ̀, títí yóò fi ku ọmọ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò pè. Wọn á ní kí ìyẹn lọ dúró sí gólì. Gbogbo rẹ̀ kì í gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kò sí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, kò sí ìyá tó wọ léèsì, kò sì sí ẹni tó gún iyán dè é.

Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń ṣe é. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa ni mo ń wí o. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré ni, tí àwọn géńdé tó wọ akoto á máa forí sọ ara wọn. Ẹgbẹ́ 32 ló wà nínú líìgì wọn tó ń jẹ́ NFL. Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹrin bá ń parí lọ, wọ́n á péjọ láti mú lára àwọn ọ̀dọ́ tó ń jáde ní yunifásítì. Draft ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ tí ìyà jẹ jù lọ ní sáà tó kọjá ló ń kọ́kọ́ mú, ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ á mú gbẹ̀yìn, wọ́n á sì yípo bẹ́ẹ̀ ní ìpele méje. Ní 2025, Tennessee Titans tó borí ẹ̀ẹ̀mẹta péré nínú ìdíje 17 ló kọ́kọ́ nawọ́, wọ́n mú Cam Ward. Ẹgbẹ́ kan lè ta ipò rẹ̀ fún òmíràn. Wọ́n tilẹ̀ ń ta ipò ọdún tí kò tíì dé, bí àgbẹ̀ tó fi oko kòkó dúró kó tó so.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bert Bell ló mú àbá rẹ̀ wá. Ó wà lára àwọn tó ni Philadelphia Eagles nígbà náà, ẹgbẹ́ tí kì í borí, tí kò sì lówó tó lè fi fa agbábọ́ọ̀lù gidi mọ́ra. Ó bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí aláìní kọ́kọ́ bu tirẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn olówó gbà. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 1936, ní òtẹ́ẹ̀lì Ritz-Carlton ní Philadelphia, wọ́n kọ orúkọ 90 sójú pátákó. Eagles ló kọ́kọ́ mú, wọ́n mú Jay Berwanger ti Yunifásítì Chicago. Berwanger wá iṣẹ́ mìíràn ṣe ní tirẹ̀, kò gbá bọ́ọ̀lù NFL títí ó fi fayé sílẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn draft, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ìlú wa, ń gbé ní Houston. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan tó jẹ́ pé bó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, pálọ̀ á ṣókùnkùn. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí pápá kò ṣòroó yé ènìyàn: kó gbé ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ lulẹ̀. Ó ṣe é dáadáa ní yunifásítì. Aṣojú tó ń bá a dúnàá-dúrà wá ní bó pẹ́ bó yá, ní ìpele karùn-ún tàbí ìkẹfà, wọn á pè é. Ó fi kún un pé kò dájú o. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ apá kìíní dáadáa. Apá kejì, ìyàwó wọn ò gbọ́ ọ rárá. Wọ́n ra léèsì.

Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń ṣe nílé. Ọmọ á ṣe JAMB, ìyá rẹ̀ ò ní sọ fún ẹni tó wà ní yàrá kejì. Èèyàn á gba físà, ó di ìgbà tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní London kí ará ilé tó gbọ́. A ò burú, ayé la mọ̀. Ará Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ á gbé kámẹ́rà sí pálọ̀, á máa ya ọmọ bó ṣe ń retí ohun tó lè má dé. Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n fi físà tiwọn pamọ́ fún bàbá tó bí wọn lọ́mọ, àwọn náà ló wá tẹ ìwé ìpè, tí wọ́n pín in kárí ìjọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 2025, ni a péjọ. Green Bay ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ni ètò náà gan-an ti ń lọ, àwa jókòó ti tẹlifíṣọ̀n ní Houston. Lálẹ́ àná rẹ̀, Titans ti pe Oluwafemi Oladejo ní ìpele kejì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sì ti gbà á bí àmì. Wọ́n ní Olúwa ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ Yorùbá, kò ní dúró. Wọ́n tún ka àwọn yòókù sí wa létí: Olumuyiwa Fashanu tí New York Jets mú ṣe ìkọkànlá ní 2024; Foyesade Oluokun, ọmọ Yale, tí wọn ò pè ní 2018 àfi ìgbà tó di ìpele kẹfà, ẹni igba gééré, tó sì jẹ́ òun ló gbé èèyàn lulẹ̀ jù ní gbogbo NFL ní 2021 àti 2022. "Ẹni igba!" ni wọ́n ń wí, tí wọ́n ń na ìka sí wa, àfi bíi pé àwa la sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀.

Iyán wà nínú kúlà. Ẹ̀rọ ló gún un, nítorí aládùúgbò ti fi ẹjọ́ odó sun ọlọ́pàá rí. Ẹ̀fọ́ rírò wà, ẹran ìgbẹ́ tí mi ò fẹ́ sọ bó ṣe wọ Amẹ́ríkà wà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí kúlà kí wọ́n tó pe orúkọ ọmọ àwọn. Ẹ̀jẹ́ ni wọ́n bá Ọlọ́run jẹ́. Ikùn tèmi ni wọ́n fi jẹ́ ẹ.

Ọjọ́ kẹta ló sì gùn jù, nítorí ìpele kẹrin títí dé ìkeje ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ kan. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún láti ronú, ó di ìpele keje kó tó di mẹ́rin. Wọ́n á mú ọ̀kan, wọ́n á polówó bíà, wọ́n á polówó ọkọ̀, àwọn ọlọ́pọlọ mẹ́rin tó jókòó á sọ bí apá ọmọ náà ṣe gùn tó, wọ́n á tún polówó bíà. Àwọn àgbà ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Kò sí èyí tó dé Houston nínú àwọn àgbà yẹn, kò sí èyí tó mọ agbára ẹ̀rọ amúlétutù.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ mú ọmọ máa ń pè é lórí fóònù kí wọ́n tó kéde. Nítorí náà wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kékeré, wọ́n gbé fóònù ọmọ náà lé e, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé lálẹ́ Ẹtì yẹn gan-an, ọmọ akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ní Atlanta Falcons ti pe Shedeur Sanders, tí òun náà ń retí ìpè, ó díbọ́n pé ọ̀gá ẹgbẹ́ kan lòun, ó ní àwọn fẹ́ mú un. Eré lásán ló ń ṣe. NFL bu ìtanràn $250,000 lé Falcons, wọ́n sì bu $100,000 lé bàbá ọmọ náà. Bàbá ló san eré ọmọ. Ìyẹn nìkan ló jọ tilé.

Ìpele kẹfà ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún.

Gbogbo ilé dìde. Nọ́ńbà tí kò lórúkọ ni, ta ló sì fẹ́ dúró yẹ̀ ẹ́ wò? Ọmọ gbé e, ó nà ró. Ó ní, "Yẹ́ẹ̀sì, sà." Pásítọ̀ ìjọ wọn na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní, "Tánkíù, sà." Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ yí gbirigbiri lórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú léèsì tuntun. Ó tún ní rárá sà, òun ò tíì jẹun. Ó yẹ kí èyí ta wá lólobó. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wo ló ń bèèrè bóyá ọmọ ti jẹun? Ṣùgbọ́n orin ti gba ẹnu wa. Ẹnìkan ṣí kúlà. Mo ti fọwọ́, mo ti mú ìjókòó, mo ti na ọwọ́ sí òkèlè nígbà tí ọmọ yí padà sí bàbá rẹ̀, tó ní Bàbá Ìtapàjí ni.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dìde nílẹ̀, wọ́n pa kúlà dé. Èyí ló ń dùn mí títí di òní.

Bàbá Ìtapàjí ni àbúrò bàbá ẹ̀gbọ́n mi. Fóònù ará ilé kejì ni wọ́n yá, wọ́n sì ti rìn dé ẹ̀bá dáàmù kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dára. Ohùn wọn ń ró jáde ketekete. "Ṣé ìwọ nìyí? O kú ìnáwó o. Wọ́n ní àwọn òyìnbó fẹ́ ra ọmọ wa. Èló ni wọ́n dá lé e?" Kí ẹ̀gbọ́n mi tó dáhùn, wọ́n ti ní kí káàdì tó tán, ìjì ti ṣí òrùlé ilé bàbá rẹ, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìkọ̀lé. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pè yín padà." Bàbá ní kò burú, ìyàwó rẹ ńkọ́? Wọ́n wà o. Àwọn ọmọ yòókù ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́ sí ńkọ́? Ta ni mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ yẹn? Wọ́n gbé fóònù fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ Texas, mo kí wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè tèmi náà lẹ́yọ lẹ́yọ.

Ìṣẹ́jú márùn-ún tí NFL fi ń yan ènìyàn, ọmọ Èkìtì wo ló fi kí àgbà tán rí? Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tó ń gé fóònù mọ́ àgbà lẹ́nu. A dúró báyìí, ẹgbẹ́ méjì mú ènìyàn lójú wa. Fóònù àbúrò ọmọ náà wá dún nínú yàrá: aṣojú ni, ó ń ké pé ta ni ọmọ yìí ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, àwọn ò rí i bá sọ̀rọ̀. Títí di òní, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbà pé ẹgbẹ́ kan pè nígbà yẹn, tó bá a lẹ́nu kíkí. Aṣojú ní kò sí ẹgbẹ́ kankan. Mi ò dá sí i.

Ìpele keje tán. Ẹni 257, Kobee Minor, ni New England Patriots mú gbẹ̀yìn. Láti 1976 ni wọ́n ti ń ṣe àsè fún ẹni ìkẹyìn ní California, wọ́n á gbé ife fún un, wọ́n á fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tó tẹ̀lé ìkẹyìn gan-an, tí wọn ò pè, wọn ò dárúkọ rẹ̀.

Àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ọ̀kan ní òun ní iṣẹ́ òru, ọ̀kan ní gosiló ọ̀nà márosẹ̀. Nílé, ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ni ilé ń kún. Wọn á wá jókòó tì yín, wọn ò ní sọ nǹkan kan, wọn ò sì ní lọ. Níbí, wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi jókòó pẹ̀lú fìlà lórí. Wọ́n sọ fún mi pé ní Indianapolis, níbi tí NFL ti ń dán àwọn ọmọ wò lóṣù kejì, wọ́n bọ́ aṣọ ọmọ àwọn ku ṣòkòtò péńpé, wọ́n wọn apá rẹ̀, wọ́n wọn àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, àwọn ọkùnrin tó jókòó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ibẹ̀ náà ni Adetomiwa Adebawore, tó wọn pọ́n-ùn 282, ti sáré ogójì yáàdì ní ìṣẹ́jú-àáyá 4.49 ní 2023, gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ò lè pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní wíwọn yẹn rí bákan lójú àwọn. Èmi náà ti rí i, ó rí bákan lójú mi, mi ò sì ní ṣe ẹ̀fẹ̀ lé e lórí. Nígbà tí ìjọba pín èmi àti wọn lọ sìnrúùlú, lẹ́tà lásán ló dé. A bú ìjọba, a di ẹrù, a lọ. Kò sí ẹni tó wọn apá wa.

Nígbà tí orúkọ bá tán, àwọn ẹgbẹ́ máa ń pe àwọn tó kù láti bá wọn dúnàá-dúrà. Bẹ́ẹ̀ ni Adewale Ogunleye ṣe wọlé ní 2000: ó fi orúnkún ṣèṣe, kò sẹ́ni tó pè é, Miami Dolphins gbà á, nígbà tó sì di 2003 ó ti wà lára àwọn tí ẹnu ń kùn jù. Fóònù ọmọ náà dún nírọ̀lẹ́ yẹn. Ẹgbẹ́ kan ní kó wá dánra wò, àwọn ò ṣèlérí. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀: ṣé èyí jẹ́ pípe orúkọ, àbí kò jẹ́ ẹ? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní kò jẹ́ ẹ. Pásítọ̀, tí ebi ń pa òun náà, dájọ́ pé Ọlọ́run ti gbà á. A ṣí kúlà. Ọ̀bẹ la fi gé iyán náà.

Ti ọdún 2026, Pittsburgh ni wọ́n gbé e sí, ọjọ́ 23 sí 25 oṣù kẹrin. Owó òrùlé ti dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Ẹ̀yin ará ilé wa ní Ìtapàjí, ní Ìyẹ́merò, ní Ìkọ̀lé àti níbi gbogbo tí ọmọ yín bá ti ń retí irú ìpè báyìí, a bẹ̀ yín, ẹ fi WhatsApp kọ̀wé lọ́jọ́ mẹ́ta tí wọ́n bá fi ń ṣe draft. Bí ó bá di dandan kí ẹ pè, ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni kí ẹ kí.