Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ẹwà Òṣìṣẹ́ Pa Ṣọ́ọ̀bù Yín

Ẹ̀yin màdáàmù aláṣọ Balógun àti Ìkẹjà, bó bá jẹ́ pé owó tó ń wọlé ti pọ̀ jù fún yín, tí ẹ sì ń wá ọgbọ́n tí ẹ ó fi dín in kù, ìtọ́sọ́nà yìí dé yín lọ́wọ́. Ẹ tẹ̀lé e létòlétò, ẹ má fo ọ̀kankan.

1. Ẹ gbé pátákó síta.
Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé ọmọbìnrin arẹwà lẹ ń wá: kó pupa, kó pẹ́lẹ́ńgẹ́, kó ga, kó má sì ju ọmọ ọdún 25 lọ. Ẹ má kọ iṣẹ́ tí yóò ṣe. Ẹ má kọ pé aago 7 àárọ̀ ni yóò ṣílẹ̀kùn, aago 9 alẹ́ ni yóò tì í. Ẹ má sì dárúkọ owó oṣù. Láti ọdún 2024, ₦70,000 ni òfin ní kí owó oṣù tó kéré jù jẹ́, ṣùgbọ́n òfin náà yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, mẹ́ta péré sì ni tiyín. Ẹ kí Abuja, kí ẹ fi owó tó ṣẹ́ kù ra dígí ńlá.

2. Ẹ gba fọ́tò.
Orí WhatsApp ni kó ti fi ránṣẹ́: iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn. Ẹ má bi í bó ṣe mọ ìṣirò sí. Bí kọ́sítọ́mà bá fún un ní ₦50,000 lórí ọjà ₦37,500, ẹ̀rín músẹ́ ni yóò fi ṣe ṣéńjì.

3. Ẹ rán yunifọ́ọ̀mù kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni.
Sáìsì 8 ni kẹ́ ẹ rán. Ẹni tí kò bá wọ̀, òun ló jẹ̀bi. Aṣọ kì í jẹ̀bi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ mọ̀ pé télọ̀ wà ní gbogbo kọ̀rọ̀, pé owó kékeré ni yóò sì gbà láti tú u sí i. Ẹ gbàgbé télọ̀. Ara ọmọ ọlọ́mọ ni kí ẹ ní kó lọ gba àtúnṣe.

4. Ẹ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò.
"Dìde. Yí padà. Rìn dé ẹnu ọ̀nà kí n wò ẹ́." Ó parí. Obìnrin kan yóò wọlé lẹ́yìn èyí, ó sanra, ó dúdú, ó ti lé lógójì ọdún. Bó bá fọwọ́ pa ankara, ó ti mọ èyí tí yóò ṣí. Bó bá rí èèyàn lókèèrè, ó ti mọ ẹni tó fẹ́ rajà àti ẹni tó kàn ń sá fún oòrùn. Ẹni tó bá ná ọjà ní ìlàjì owó, àwàdà ni yóò fi gbé e gòkè títí onítọ̀hún yóò fi san án, tí yóò tún dúpẹ́. Ẹ sọ fún un pé, "Màmá, a máa pè yín." Ẹ má pè é.

5. Ẹ ran àwọn dúdú lọ́wọ́.
Ẹ má ní kí wọ́n bóra o. Ẹ kàn sọ pé, "Ìwọ náà tún ara ẹ ṣe díẹ̀." Wọ́n mọ ọ̀nà ìsọ̀ oníìpara. NAFDAC ti ń pariwo mẹ́kúrì tó wà nínú àwọn ìpara kan, mẹ́kúrì a sì máa ba kíndìnrín jẹ́. Ṣùgbọ́n kíndìnrín kì í hàn nínú fọ́tò.

6. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.
Ẹ wọ̀ ọ́ ní bàtà gogoro, kí ẹ gbé àga kúrò nídìí káńtà. Bí ọjà bá dé, òun ni kó gbé páálí gun àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ kan ìyá ìyàwó yóò wọlé, sáìsì 20, tòun tàwọn ọmọ rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ ọ́. Lẹ́ẹ̀sì aṣọ ẹbí ló ń wá, fún ogójì èèyàn. Ọmọ yín yóò wò ó látòkè délẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ṣe wo òun: "Mummy, a ò ní sáìsì yín." Lẹ́ẹ̀sì tí à ń wọ̀n ní ọ̀pá! Ọjà tó jẹ́ pé bí ara bá ṣe tóbi tó ni owó yín ṣe ń pọ̀ tó! Ẹ yìn ín. Ó ti gba ẹ̀kọ́ yín dáadáa.

7. Ẹ má bẹ̀rù òfin.
Abala 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ẹ̀yà, ìlú, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn àti èrò òṣèlú. Kò dárúkọ ìdí, kò dárúkọ ikùn. Ẹ sáà má ya ẹ̀ka sí Michigan, tó ti ṣòfin láti ọdún 1976 pé a kò gbọ́dọ̀ fi ìsanra tàbí gíga du èèyàn níṣẹ́, tàbí sí ìlú New York, tó ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2023. Ẹ bi Abercrombie & Fitch, aláṣọ Amẹ́ríkà tó sọ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lórúkọ "model". Lọ́dún 2004, wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 40 dọ́là lórí ẹ̀sùn tí àwọn èèyàn fi kàn wọ́n pé òyìnbó ni wọ́n ń tò síwájú, tí wọ́n ń kó àwọn yòókù sí yàrá ẹ̀yìn. Lọ́dún 2008, ní Tulsa, wọn kò gba ọmọbìnrin Mùsùlùmí kan síṣẹ́ nítorí ìbòrí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, adájọ́ 8 nínú 9 sì dá a lòdì sí wọn lọ́dún 2015. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n jáwọ́ nínú "model". Ẹ wo iye tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀kọ́ tí ẹ̀yin ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

8. Ẹ ṣírò èrè.
Bí ọdún bá parí tí owó kò pé, ẹ pe wòlíì. Kó wọ́n omi àdúrà sí káńtà, kó de ayé tó ń bá ọjà yín jà mọ́lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ gbé yunifọ́ọ̀mù sáìsì 8 yẹn wọ ara yín wò. Bọ́tìnnì àkọ́kọ́ tó bá já ni yóò là á yé yín pé, ká ní ẹ̀yin náà wá tọrọ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yín ni, ẹ̀ bá má rí i gbà.