Àjò Dùn, Onílé Gbé Ilé Dání

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn títí kí onílé má relé. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, ilé kò ṣe é gbé. Ẹni tó bá ń lọ sí àjò yóò fi ibùsùn sílẹ̀, yóò fi ààrò sílẹ̀, oòrùn àti òjò ni yóò sì sọ fún un lọ́jọ́ tó bá tó gẹ́ẹ́. Wọn kò rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí onílé yóò ru ilé lọ sí àjò: ìjókòó onítìmùtìmù, rédíò, ohun tí ń mú ìdí gbóná, àpótí aṣọ mẹ́ta, gíláàsì tí ń lé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Ọjọ́ náà ti dé ní Amẹ́ríkà. Ẹ lọ bá àwọn bàbá tí irùngbọ̀n wọn ti ń funfun, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta alùpùpù cruiser wọn, tí wọ́n fi owó rẹpẹtẹ lé e, tí wọ́n ra touring, alùpùpù ńlá tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà jíjìn.

Cruiser ni alùpùpù tí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ga, tí ibi ìtẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà níwájú gan-an. Ẹni tó gùn ún á na ẹsẹ̀, á gbé àyà síta, á wá máa lọ jẹ́jẹ́ kí gbogbo àdúgbò lè rí i. Ti Harley-Davidson, tó ti wà ní Milwaukee láti 1903, ló gbajúmọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Japan náà ń ṣe tiwọn. Fíìmù Easy Rider ti 1969 wá bu epo sí iná ọ̀rọ̀ náà: ọkùnrin méjì fi owó pamọ́ sínú táńkì, wọ́n gbéra ní Los Angeles, ó di New Orleans, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọn lójú, wọn kò sin ẹnikẹ́ni. Ìparí fíìmù náà kò dáa rárá fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ó jọ pé àwọn tó ń ra cruiser kì í wò ó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Softail, cruiser kan tí Harley ṣe, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ alùpùpù ni kò ní sípíríǹgì lẹ́yìn. Bí táyà bá ti kó sí kòtò, egungun ẹ̀yìn ẹni ló ń gba ìròyìn rẹ̀. Nígbà tí sípíríǹgì ẹ̀yìn dé, gbogbo ẹni tó ní ìdí ló dúpẹ́. Àmọ́ nígbà tó yá, ojú àwọn oníbàárà tún ń wá ìrísí ti àtijọ́, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gan paali. Ní 1984, Harley gbé Softail jáde: wọ́n fi sípíríǹgì náà pamọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ níbi tí ojú kò ti ní tètè rí i, kí ó lè dà bíi pé kò sí. Oníbàárà san owó kí ara lè tù ú, ó tún san owó kí àwọn tó ń wò ó lè gbà pé ara ń ni ín. Mi ò tíì rí ọjà tó mọ inú ọmọ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Bí ẹni tó ra cruiser bá ń gùn ún lọ mu kọfí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tó sì padà kí oòrùn tó mú, kò sí wàhálà. Ìgbà tó bá fẹ́ rìn jìnnà ni wàhálà ń dé. Bó bá ti ń sá tó kìlómítà 110 ní wákàtí kan, àyà tó gbé síta yẹn ni afẹ́fẹ́ rí tì; ọwọ́ méjèèjì ló fi ń rọ̀ mọ́ alùpùpù kí afẹ́fẹ́ má bàa já a bọ́. Ẹsẹ̀ tó nà síwájú kò lè ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ ara rẹ̀ lè gbé ìdí díẹ̀ bó bá rí kòtò. Ẹni tó na ẹsẹ̀ kò rí ohun tẹ̀ dìde, egungun ìdí rẹ̀ ni yóò lọ pàdé kòtò náà. Epo ńkọ́? Táńkì Sportster Forty-Eight ti Harley, tó rí roboto tó sì wu ojú, kò gbà tó lítà 8. Ẹni tó ní òun ń sá fún ìdè ilé, ilé epo ló wá dè é.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn bá kọ̀, onílé kì í sọ pé ẹ̀yìn ló kọ̀. Yóò ní òun fẹ́ rí ayé. Yóò máa dárúkọ òkè Rockies. Yóò máa dárúkọ Blue Ridge Parkway, ọ̀nà tó gùn tó kìlómítà 755, tó gba orí òkè láti Virginia dé North Carolina. Yóò ní òun àti ìyàwó òun ló jọ ń lọ, pé ìtorí ìyàwó gan-an lòun ṣe fẹ́ ra touring. Ìyàwó tó ti jókòó sẹ́yìn cruiser yẹn, lórí ìjókòó tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ń gbọ́, kò fèsì. Wọ́n ti ń múra Blue Ridge kí àbíkẹ́yìn wọn tó wọ iléèwé.

Ọ̀kan nínú èyí tí yóò yẹ̀ wò ni Gold Wing ti Honda, ìtàn rẹ̀ sì dára láti fi wo bí ilé ṣe gun alùpùpù. Nígbà tí Honda fi í han ayé ní Cologne, ní Jámánì, ní 1974, ìhòòhò ló wà: ẹ́ńjìnnì, táyà méjì, ìjókòó. Àwọn tó rà á ní Amẹ́ríkà ni kò jẹ́ kó sinmi. Wọ́n ra Windjammer, ìbòjú tí Craig Vetter ń ṣe, wọ́n fi bo iwájú rẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́. Wọ́n so àpótí mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Honda rí i pé owó ń gba ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn wọlé. Ní 1980 ó ṣe Interstate, tí ìbòjú àti àpótí ti wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ní 1988, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ di onísílíńdà mẹ́fà, wọ́n sì fi rìfáàsì sí i, nítorí ó ti wúwo ju ohun tí ẹsẹ̀ àgbàlagbà lè tì sẹ́yìn lọ. Ní 2006, wọ́n fi àpò afẹ́fẹ́ sí òmíràn, irú èyí tí ń wú jáde nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ní 2018, Honda dán ohun tí ẹnìkan kò rán an wò: ó dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ó sì dín àpótí kù. Àwọn onílé fi igbe ta. Nígbà tó máa fi di 2021, àpótí ẹ̀yìn ti kúrò ní lítà 50, ó ti di 61, kí akoto ńlá méjì lè rí àyè wọ̀ ọ́. A máa ń sọ pé bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ti ìgbín Honda, ìkarahun nìkan ló ń dàgbà.

Ẹ wá wo ọkùnrin wa. Ó ní afẹ́fẹ́ lòun ń wá, ó ti sanwó kí afẹ́fẹ́ má fẹ́ òun. Ó ní ariwo ilé ti sú òun. Rédíò ń ké lórí alùpùpù, gbogbo ẹni tó bá a dúró níbi iná pupa ló ń bá a gbọ́ ìròyìn bọ́ọ̀lù. Ó ní òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun wa nǹkan. Ó tẹ bọ́tìnnì, alùpùpù di eré ara rẹ̀ mú, ó tẹ òmíràn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbóná, ó tẹ ẹ̀kẹta, ìdí rẹ̀ náà gbóná. Ààrò nìkan ló kù.

Ohun kan wà tí ilé tòótọ́ kì í ṣe tí ilé yìí ń ṣe: ó máa ń ṣubú. Gold Wing Tour lé ní kílò 370. Bó bá ń sáré, ìwọ̀n yẹn kò ni ẹnikẹ́ni lára. Ilé epo ló ti ń dá èèyàn lẹ́jọ́, níbi tí àwọn èèyàn dúró sí. Onílé ń rọra wọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ epo, ó yí ọwọ́ alùpùpù, ó di bùréèkì iwájú mú láìtíì tọ́ ọ, ẹsẹ̀ tó fi gbélẹ̀ bọ́ sórí epo tó ti dà sílẹ̀. Alùpùpù fì. Kì í yára ṣubú. Ó máa ń ṣe bí ẹni tó ṣì ń rò ó, ká tó wí, ó ti sùn. Agbára apá kò lè gbé e. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á ní kí ó kọ ẹ̀yìn sí i, kí ó fi ìdí ti etí ìjókòó rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ kan di ọwọ́ alùpùpù mú, kí ó fi ìkejì di irin ẹ̀yìn mú, kí ó wá fi ẹsẹ̀ máa ti ara rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dìde. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣe é tí iyì yóò wà nínú rẹ̀, pàápàá bí ọmọdé bá ń wo èèyàn láti inú ọkọ̀ bàbá rẹ̀.

Èyí ló ń sọ àwọn kan di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Harley ti ṣe Tri Glide fún wọn, táyà méjì lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú. Kò lè ṣubú níbi iná pupa. Owó rẹ̀ tó owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun, òrùlé nìkan ni wọn kò kàn sí i.

Ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún, ìlú kékeré Sturgis ní South Dakota a máa kún àkúnya. Láti 1938 ni ìpéjọ àwọn alálùpùpù ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ dúró sójú títì tó lọ sí ìlú náà, ẹ ó rí jíìpù ńlá tó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù, touring tó ń dán gbinrin lórí rẹ̀, okùn dè é mọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, onílé wà nínú jíìpù pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù. Bó bá ku díẹ̀ kó wọ ìlú, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á wọ aṣọ awọ, á gùn ún wọlé bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Alùpùpù tí wọ́n rà nítorí ọ̀nà jíjìn, ọ̀nà jíjìn ni wọn kò jẹ́ kó fẹsẹ̀ kàn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa àjò, kí ó lọ ka ìtàn Bessie Stringfield, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà. Indian Scout ti 1928 ni alùpùpù rẹ̀ àkọ́kọ́, Harley ló sì ń gùn lẹ́yìn náà. Nínú àwọn ọdún 1930 àti 1940, òun nìkan fi alùpùpù la Amẹ́ríkà já, ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Kì í ṣe pé ó kórìíra ìtura. Àwọ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì gbà á. Bó bá rí ìdílé aláwọ̀ dúdú, wọn á fún un ní ibi tó máa sùn. Bí kò bá rí, ilé epo ni, lórí alùpùpù: á ká jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí ọwọ́ alùpùpù fi ṣe ìrọ̀rí, á gbé ẹsẹ̀ lé mọ́dígáàdì ẹ̀yìn, ó di àárọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, alùpùpù ló fi ń gbé ìwé fún àwọn ológun. Ẹ gbé òwe àwọn àgbà yẹn lọ bá a, kí ẹ gbọ́ èsì tí yóò fún yín. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nínú ìlú tirẹ̀, síbẹ̀ ó lọ, ó tún lọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, Ted Simon kúrò ní London ní 1973 lórí Triumph tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju cc 500 lọ, ọdún mẹ́rin ló fi yí ayé po. Elspeth Beard, obìnrin ará Ìlú Ọba, ṣe tirẹ̀ láti 1982 lórí BMW àlòkù. Kò sí èyí tí ìdí rẹ̀ gbóná nínú wọn, àfi níbi tí oòrùn bá ti mú un.

Kí n má bàa pa irọ́ mọ́ touring: ẹni tó bá ń gùn ún lọ síbi tó jìnnà lóòótọ́, kò sí alùpùpù tó ṣàánú ẹ̀yìn tó o. Ẹgbẹ́ Iron Butt wà ní Amẹ́ríkà tí ń fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí bó bá gun kìlómítà 1,609 láàrin wákàtí 24. Ẹni tó fi touring ṣe ìyẹn, ẹ̀rín mi kò kàn án. Ẹni tó ń fi ra búrẹ́dì ló kàn.

Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ yín ní Houston tàbí Maryland bá pè yín pé òun fẹ́ ta cruiser òun kí òun ra touring, ẹ bi í pé ìlú wo ló ń lọ, ọjọ́ wo ló sì ń gbéra. Bó bá dárúkọ ìlú tó sì dá ọjọ́, ẹ bá a yọ̀, kí ó rà á. Bó bá ní òun ṣì ń wò ó ná, ẹ ní kí ó ra ìjókòó tó dáa sí cruiser tó ní, gíláàsì iwájú tó ṣe é yọ, àti àpò awọ méjì sí ẹ̀gbẹ́. Owó tó máa ṣẹ́kù yóò tó láti fi gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí Blue Ridge, lálọ lábọ̀, tòun ti hòtẹ́ẹ̀lì.