Awakọ̀ Òfuurufú Okere

Àbúrò mi ọkùnrin ní Okere, ní Warri, ti di awakọ̀ òfuurufú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dé pápákọ̀ Osubi rí, àlejò ló sì lọ pàdé níbẹ̀, àmọ́ ó ti já bọ́ nínú F-16 ju ogún ìgbà lọ. Géèmù DCS World ló ń ṣe, ó sì máa ń gbé jígí VR ńlá bojú bí eégún kó tó gbéra.

Jígí ọ̀hún ni oníyọnu. Bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ sí 90, àwòrán 90 ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fún ojú ọ̀tún àti ti òsì. Mílísẹ́kọ́ǹdì 11 péré ló ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá fi falẹ̀, òòyì á kọ́ awakọ̀, sítáàṣì àti ọbẹ̀ banga ọ̀sán á sì máa wá ọ̀nà àbájáde.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ó pa òjìji, ó dín ìkùukùu kù, ó gé igi àti koríko dànù. Àwòrán wá ń yọ̀ geere, àmọ́ gbogbo ilẹ̀ Síríà tó ń fò lórí rẹ̀ nínú géèmù ti dà bí ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Ó ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó gbé fáànù onídùúró kò ó lójú. Màmá wa ń làágùn, kọ̀ǹpútà ń gba atẹ́gùn.

Lálẹ́ Sátidé, ó ti fojú sun ọ̀tá, ó kù kó yìnbọn, gbogbo nǹkan ṣú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìkùukùu ti bò mí o!"

Iná ló lọ. Jẹnẹrétọ̀ wa kò sì lépo.