Ẹlẹ́rù Ń Sùn, Aláìlẹ́rù Ló Ń Gbé E

Àwọn àgbà ní ẹlẹ́rù ní í gbé níbi tó ti wúwo. Ẹni tó wá bá ọ gbé e lè di etí àpò mú. Ìdí àpò, tìẹ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wọ̀nyẹn ò bá wa gbé fúláàtì ní Houston, níbi tí a ti dojú òwe náà délẹ̀, tí a sì ń gbowó lórí ẹ̀.

Mánéjà ilé wa gbé lọ́kà irin kalẹ̀ sísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kékeré, àárín àti ńlá. Awakọ̀ á ti ẹrù sínú ọ̀kan, kóòdù á wọlé sórí fóònù rẹ, o tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn ṣí. Ohun tó dáa ni; olè tó ń ṣa ẹrù níwájú ilẹ̀kùn sinmi. Ìgbà tí ìwé owó ilé dé ni mo rí “owó lọ́kà” nínú rẹ̀: iye kan náà fún gbogbo fúláàtì, lóṣooṣù, o rajà o, o ò rajà o.

Màmá mi, tó wá láti Ìbàdàn bá wa wẹ ọmọ, bi mí pé, “O sanwó bàtà tó o rà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“O sanwó ọkọ̀ tó gbé e wá?”

“Wọ́n kà á mọ́ ọn, Mà.”

“O sanwó ilé tó ò ń gbé. Kí ló wá dé tó o tún ń háyà ilé fún bàtà?”

Ẹnu mi wọhò. Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Ọmọkùnrin kan lájà kẹta kì í rí nǹkan lórí fóònù kó má rà á. Lọ́kà ńlá mẹ́rin lẹrù rẹ̀ ń sùn sí láti Mọ́ńdè títí di Sátidé. Bàbá àgbàlagbà tó wà nísàlẹ̀ ń retí oògùn. Lọ́kà kún, awakọ̀ gbé oògùn padà. Iye kan náà làwọn méjèèjì ń san.

Ohun tó wọ́n nínú lọ́kà kì í ṣe irin. Àyè ni, ọjọ́ ló sì ń jẹ àyè. Àwọn InPost tó ni lọ́kà ní Pólàǹdì mọ èyí: wákàtí 48 lẹrù ní, tó o bá fẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, wàá sanwó. Lọ́kà Amazon ń dúró fún ọjọ́ 3, lẹ́yìn náà ọjà padà sílé, owó padà sọ́wọ́ olówó. Òwe wa ni wọ́n ń pa, wọn ò mọ̀.

Mo bá mánéjà sọ ọ́: ọjọ́ méjì lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá pẹ́ máa sanwó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iye kan náà ló rọrùn láti kọ sínú ìwé.

Màmá ò bá a jiyàn. Ó pọn ọmọ, ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá ará ilé gba ẹrù. Kóòdù rẹ̀ ò ju “ẹ káàárọ̀, Mà” lọ. Kò pẹ́ tí lọ́kà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo, tí oògùn bàbá sì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wọlé.

Nígbà tí ìwé oṣù dé, owó lọ́kà ṣì wà níbẹ̀. Màmá ní kí n kà á fún òun. Ó ní, “Sọ fún mánéjà pé èmi ni mo gbé níbi tó wúwo lóṣù yìí. Kó fi owó tèmi ránṣẹ́.”