Kérésìmesì Tún Já Lu Àwọn Olóúnjẹ Valence

Ẹ̀yin olóúnjẹ wa ní Valence, ní London níbí, ẹ kú ìmúrasílẹ̀ tí ẹ kò ṣe. Ọjọ́ Iléyá ń yí, Àjíǹde náà ń yí, ṣùgbọ́n Kérésìmesì kì í yẹsẹ̀: ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ni, lọ́dọọdún. Síbẹ̀, bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó máa sáré kiri Green Lane bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé, ẹ ó máa bi gbogbo alápatà bóyá ògúnfe ṣì kù.

Ká tiẹ̀ wo pátákó oúnjẹ yín. Orúkọ oúnjẹ tó wà níbẹ̀ gùn ju oríkì ọba lọ. Iyán ńkọ́? "Ó máa tó jinná." Àmàlà ńkọ́? "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tán báyìí ni." Ọ̀fadà ńkọ́? "Ó di Sátidé." Kí ló wá wà? "Ìrẹsì." Ẹ kúkú kọ ìrẹsì sára pátákó, kí ẹ fi ọ̀dà tó kù kun ilé.

Ọdún 1921 ni London County Council bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Becontree, àdúgbò ràgàjì tí Valence wà nínú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1935, ilé bíi 26,000 ti dúró. A ò gbọ́ pé wọ́n lé ayálégbé padà pé bíríkì ti tán, kó padà wá lọ́la. Ẹ̀yin rèé, aago mẹ́ta ọ̀san ò tíì lù, ewédú ti tán.

Bí ẹ bá ráyè, ẹ yà sí Valence House, mùsíọ́mù wa, kí ẹ wo àwòrán ìdílé Fanshawe tí wọ́n kó síbẹ̀. Àwọn ẹni àná tó wọṣọ olówó ńlá, tí wọ́n kàn jókòó, tí wọ́n ń woni láìrẹ́rìn-ín. Bí oníbàárà yín ṣe máa ń rí lọ́jọ́ ọdún gan-an nìyẹn: léèsì ń dán, ojú le, oúnjẹ ò dé.

Ẹ jẹ́ ká dé orí ìmọ́tótó. Láti òdo sí márùn-ún ni wọ́n ń fún ilé oúnjẹ ní máàkì ìmọ́tótó. Ní Wales, dandan ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Ní England níbí, ó kù sọ́wọ́ yín. Ẹni tó gba márùn-ún á lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé, mọ́ ìwé oúnjẹ, díẹ̀ ló kù kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí. Ẹni tó gba méjì ló máa ń ní igi Kérésìmesì tó tóbi jù, ibi tó yẹ kí máàkì náà wà ló sì ń gbé e sí.

Ohun mẹ́rìnlá ni òfin ní kí ẹ lè tọ́ka sí bí wọ́n bá wà nínú oúnjẹ, torí àwọn tí ara wọn kì í gbà á. Ẹ̀pà, ẹja, edé àti ẹyin wà nínú wọn. Ẹ bi agbáwo pé ṣé edé wà nínú ẹ̀fọ́, á ní, "Bọ̀dá, ẹ fi sọ́wọ́ Ọlọ́run." Káńsù ò tíì ka ìyẹn sí ìdáhùn.

Agbáwo yìí kan náà, owó tí oníbàárà bá fi ta á lọ́rẹ, tirẹ̀ ni. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2024, ọ̀gá ò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀ fún ara rẹ̀. Ọ̀gá, ẹ gbọ́wọ́ kúrò nínú àpótí yẹn. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kì í rìn, bọ́ọ̀sì kì í rìn, ẹ sì ní kí ọmọ iṣẹ́ yín tó ń gbé ní Peckham débí láago mẹ́jọ àárọ̀. Ṣé kó wẹ odò Thames kọjá ni?

Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ yé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ fi orúkọ sílẹ̀ pé ẹni mẹ́fà ń bọ̀ láago méjì. Ẹ dé láago márùn-ún, ẹ di mẹ́rìnlá, kúlà òfìfo sì wà nínú búùtù. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san àsansílẹ̀, ẹ ó bínú: "Ṣé ẹ ò mọ̀ mí ni?"

Wọ́n mọ̀ yín. Ìdí tí wọ́n fi béèrè nìyẹn.